Python tuntun lórí server: ẹ má fọwọ́ kan èyí tó bá a wá

Tí ẹ bá tẹ python --version sórí Red Hat Enterprise Linux 7 (RHEL 7), tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2014, 2.7.5 ni yóò fi dá yín lóhùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 ni àwọn tó ń ṣe Python ti jáwọ́ lára Python 2. Ohun tó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni kí wọ́n yọ ọ́ dànù, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe àìbìkítà ló mú kí Red Hat fi ẹ̀dà àtijọ́ síbẹ̀. Báǹkì àti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń lo irú server yìí kò fẹ́ kí iṣẹ́ wọn ṣàdédé dàrú, ìdí sì nìyẹn tí Red Hat fi ń tọ́jú ẹ̀dà RHEL kọ̀ọ̀kan fún ọdún 10. Python ní tirẹ̀ ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde lọ́dọọdún, nǹkan bí ọdún 5 ló sì fi ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àléébù ààbò bá yọjú, Red Hat a fi àtúnṣe rẹ̀ sínú ẹ̀dà àtijọ́ láì yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà nìkan díwọ̀n ààbò yóò ṣì í.

Ohun tó le jù ni pé server fúnra rẹ̀ ń lo Python yẹn. Ẹ ṣí fáìlì /usr/bin/yum wò: #!/usr/bin/python ló wà lórí ìlà àkọ́kọ́. Python 2 ni wọ́n fi kọ yum, irinṣẹ́ tí a fi ń gbé sọ́fítíwia sórí server. Bí ẹnì kan bá darí orúkọ python sí Python 3, ìlà 30, níbi tí wọ́n kọ except KeyboardInterrupt, e: sí, ni yum yóò kú sí, torí Python 3 kò gba kọ́mà yẹn. Yum yìí kan náà sì ni irinṣẹ́ tí à bá fi tún un ṣe!

Red Hat ti wá ojútùú sí i. Nínú RHEL 8, lọ́dún 2019, wọ́n gbé Python tí server ń lò sí /usr/libexec/platform-python, kí ọwọ́ má baà tètè kàn án. Lórí RHEL 9, èyí tí Python 3.9 bá wá, ẹ lè tẹ dnf install python3.11 (dnf ló rọ́pò yum), kí ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ ní kíkún pè é: python3.11 -m venv yóò ṣí àyè ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ yín. Àwọn méjèèjì a máa gbé pọ̀ láìsí ìjà.

Àwọn kan máa ń fúnra wọn kọ́ Python (compile) láti inú kóòdù orísun rẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n make altinstall ni kí wọ́n lò. Make install lásán a gba orúkọ python3 mọ́ra. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gba ọ̀nà yìí bí dnf bá ní ẹ̀dà tí onítọ̀hún ń wá, nítorí dnf update kò ní mọ̀ pé Python yẹn wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ ni yóò máa wá àtúnṣe ààbò kiri, tí yóò sì máa tún un kọ́ nígbà gbogbo.