Èéfín Dúdú Lẹ́yìn Ọkọ̀: Bí A Ti Ń Mọ Àrùn Sẹ́ńsọ̀ Tí Ń Wọn Afẹ́fẹ́ Inú Ẹ̀rọ

Ẹni tí ó bá ń kó iṣu tàbí gààrí láti Igbaruku lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ọkọ̀ bá dé ẹsẹ̀ òkè tí kò sì lè gùn ún mọ́. Ẹ̀rọ a máa wúkọ́, èéfín dúdú a máa rú lẹ́yìn, epo tí ó yẹ kí ó gbé ọkọ̀ lọ kí ó sì gbé e bọ̀ a tán ní àlọ. Bí ó bá ṣe aláìsàn ni a ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ náà kọjá ti owó epo. Àrùn tí í fa irú èyí pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí a kì í tètè fura sí, òun ni a ó sì ṣàlàyé lọ́sẹ̀ yìí: àrùn sẹ́ńsọ̀ mánífóòlù, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní MAP.

Mánífóòlù ni àwọn ọ̀nà oníhò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ̀rọ. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà ní ẹnu rẹ̀ tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣí. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, ilẹ̀kùn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán, ẹ̀rọ sì ń fa afẹ́fẹ́ inú mánífóòlù mu, bí ọmọdé ti í fa omi ọsàn mu títí èèpo rẹ̀ yóò fi sún kì. Agbára afẹ́fẹ́ níbẹ̀ a lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi kilopascal 30 sí 40, nígbà tí ti ìta, létí òkun, jẹ́ 101. Bí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gun òkè, ilẹ̀kùn a ṣí, agbára ti inú a sì gòkè dé ìtòsí ti ìta.

Iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ ni láti máa ròyìn èyí fún àpótí tí í ṣe ọpọlọ ọkọ̀, kí ọpọlọ lè mọ ìwọ̀n epo tí yóò fi sílẹ̀. Bí ó bá ròyìn pé afẹ́fẹ́ pọ̀ nígbà tí kò pọ̀, ọpọlọ a da epo jù. Epo tí kò jóná tán ni èéfín dúdú náà. Bí ó bá sì ròyìn pé afẹ́fẹ́ kò tó, ebi epo a máa pa ẹ̀rọ, a sì lè kú lójijì.

Ní ayé Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, kabúrétọ̀ ni ó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, etí tí ó já fáfá àti sukudíráfà kan sì tó mẹkáníìkì í tún un ṣe. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ní sẹ́ńsọ̀ yìí. Honda Accord ti 1998 sí 2002 ní in. Toyota Corolla ti 2003 sí 2008 ń lo irú mìíràn, tí ń wọn bí afẹ́fẹ́ ti ń ṣàn wọlé. Kí a kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì èyí tí ọkọ̀ wa ní.

Ohun tí ó ń ná àwọn ènìyàn lówó jù ni pé, bí ẹ̀rọ ayẹ̀wò bá ti kọ P0107 tàbí P0108, wọn a sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀ titun. Èyí kò tọ́. Ohun tí P0107 ń wí ni pé iná tí ó gbé ìròyìn wá kéré jù. P0108, pé ó pọ̀ jù. Kò sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Okùn rọ́bà lè ti sán, wáyà lè ti jẹrà, eku pàápàá lè ti gé e jẹ.

Nítorí náà, rọ́bà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nínú ọkọ̀ mìíràn, okùn rọ́bà tín-ín-rín ni ó so sẹ́ńsọ̀ mọ́ mánífóòlù. Nínú òmíràn, orí mánífóòlù gan-an ni ó jókòó sí, tòun ti òrùka rọ́bà lábẹ́ rẹ̀. Ooru ẹ̀rọ a máa mú rọ́bà gbẹ títí yóò fi là. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ tí a sì gbọ́ ìró bí ẹni ń súfèé, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbì kan. Ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù wá ojú ibi tí ó ń jò. Iná lè sọ.

Lẹ́yìn èyí ni ti wáyà. Mẹ́ta ni ó sábà máa ń jẹ́. Kí a yí kọ́kọ́rọ́ láìjẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, kí a sì fi mítà wọn iná. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní fóòtì 5; ọ̀kan ni ti ilẹ̀, tí kò ní iná; ẹ̀kẹta ni ti ìròyìn, yóò sì wà láàrin 4 sí 5. Bí fóòtì 5 kò bá sí, sẹ́ńsọ̀ kò jẹ̀bi, ẹ pe oníwáyà. Bí ó bá wà, kí a ṣáná sí ẹ̀rọ: ti ìròyìn yóò wálẹ̀ sí bíi 1 sí 1.5, yóò sì fò sókè bí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì. Bí ó bá dúró sójú kan, tí rọ́bà àti wáyà sì dára, nígbà náà ni a tó lè sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Ohun kan wà tí ó lè tan ènìyàn jẹ: afẹ́fẹ́ orí òkè fúyẹ́ ju ti etí òkun lọ. Ní Jos, tí ó ga tó mítà 1,200, nǹkan bíi kilopascal 88 ni agbára rẹ̀, nítorí náà ìròyìn tí ó kéré díẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe àrùn.

Nígbà mìíràn èérí ọ́ìlì ni ó dí ẹnu sẹ́ńsọ̀. Oògùn olómi tí a fi ń fọ ojú iná ni kí a fi fọ̀ ọ́, kí a jẹ́ kí ó gbẹ; ẹ má ṣe ki abẹ́rẹ́ tàbí ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́, nítorí awọ inú rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí a bá ti fọ̀ ọ́ tàbí tí a ti pààrọ̀ rẹ̀ tán, kí mẹkáníìkì pa àmì àrùn rẹ́ kúrò nínú ọpọlọ, kí a di ẹrù sínú ọkọ̀, kí a sì wà á gun òkè tí ó kọ̀ láti gùn tẹ́lẹ̀, kí a máa wo iná ẹ̀rọ lójú pátákó bóyá yóò tún tàn.