Ipò Kẹta Ni Ó Ṣe, Ṣùgbọ́n Kò Lè Kàwé

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń dùn wá lọ́kàn láti ìparí táàmù tí ó kọjá, a kò sì lè pa á mọ́ra mọ́. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa ní ìjọ wa ní Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá tẹ̀lé ìgbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, àwọn ọmọ a máa mú káàdì èsì ìdánwò wọn wá síwájú fún ìdúpẹ́. Ìyá kan jó wá pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó wà ní JSS 2 ní ilé ìwé ìjọba kan. Ipò kẹta ni ọmọ náà ṣe nínú kíláàsì tí ọmọ inú rẹ̀ ju àádọ́ta lọ. A pàtẹ́wọ́, a gbàdúrà, wọ́n sì san ọrẹ ìdúpẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ní kíláàsì àwọn ọmọdé, a ní kí ọmọ yìí kan náà ka ẹsẹ Bíbélì kan fún wa. Èdè Yorùbá ni, ẹsẹ kúkúrú ni. Ó di ìwé mú, ó ń wo ilẹ̀. A fún un ní ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó ka ọ̀rọ̀ méjì, ó dákẹ́, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe olódo ọmọ. Bí ẹ bá sọ ìtàn fún un lẹ́ẹ̀kan, yóò sọ ọ́ padà fún yín láìfo ibì kan. Orí rẹ̀ pé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìwé kíkà títí ó fi yé e, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè. Àwa náà wà nínú àwọn tí kò bèèrè. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbé ọwọ́ lé káàdì lórí tí a ń gbàdúrà sí i, láìní kí ọmọ tí ó ni káàdì ka ìlà kan ṣoṣo.

Kí ni káàdì náà tilẹ̀ ń sọ? Ipò kẹta ń sọ fún wa pé ọmọ méjì péré ni ó ṣáájú rẹ̀. Kò sọ ibi tí gbogbo wọn ń lọ. Bí àádọ́ta ènìyàn bá ṣìnà sínú igbó, ẹnì kan yóò wà níwájú, ẹnì kan yóò sì wà lẹ́yìn, síbẹ̀ inú igbó ni gbogbo wọn wà. Olùkọ́ tí ó kọ́ ọmọ ni ó ń ṣètò ìbéèrè ìdánwò, òun náà ni ó ń máàkì í. Ní ti máàkì àárín táàmù tí ó bá ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 wọlé ní 1982, èrò rere ni, kí a má baà fi ìdánwò ọjọ́ kan dá ọmọ lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ bá ti kún kíláàsì títí dé ẹnu ọ̀nà, ta ni yóò ráyè jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó gbọ́ bí ó ṣe ń kàwé? A ó kàn kọ máàkì sílẹ̀ kí káàdì má baà ṣófo. Nínú ìwé Dáníẹ́lì, nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, ọba Bábílónì fúnra rẹ̀ ni ó bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ láti mọ ohun tí wọ́n mọ̀. Kò gba káàdì lọ́wọ́ olórí àwọn ìwẹ̀fà.

Kí a wọn ẹ̀kọ́ wò kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1862, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò kan kalẹ̀ pé iye ọmọ tí ó bá lè kàwé, tí ó lè kọ̀wé, tí ó sì lè ṣe ìṣirò níwájú alábẹ̀wò ni wọn yóò fi máa san owó ìrànlọ́wọ́ fún ilé ìwé. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1882 gbé irú ètò yìí dé Èkó. Kí ni ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn alábẹ̀wò fúnra wọn ni ó kígbe síta pé ńṣe ni àwọn ọmọ há ìwé sórí nítorí ọjọ́ àbẹ̀wò. Wọn yóò kà á geere, wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n ń kà. Ohun tí a ń fi owó wọ̀n, òun náà ni ènìyàn ń dọ́gbọ́n sí.

Àwa Ẹ̀gbá kò sí lábẹ́ òfin Èkó nígbà náà, nítorí ìjọba tiwa ni a ń ṣe títí di 1914. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀kọ́ tí Lugard gbé jáde ní 1916 kàn wá. Ọ̀nà tí ó gbà pín máàkì tí wọ́n fi ń fún àwọn ilé ìwé ìjọ ní owó ìrànlọ́wọ́ nìyí: 30 nínú 100 jẹ́ ti ìwà, ìbáwí àti ètò inú ilé ìwé, 20 jẹ́ ti àwọn olùkọ́, bí wọ́n ṣe pé tó àti bí wọ́n ṣe mọ iṣẹ́ tó, 40 jẹ́ ti ìdánwò àti ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ, 10 tí ó kù jẹ́ ti ilé, ohun èlò àti ìmọ́tótó. A kò máa yin àwọn amúnisìn o. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ìdánwò ọmọ kò tó ìdajì. Àwọn àgbà tí ó ni ilé ìwé náà ń jókòó ìdánwò tiwọn.

Ìgbà kan tún wà tí ìjọba fúnra rẹ̀ jókòó ìdánwò. Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà nílé ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 dé 811,000 ní ọdún kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí tí ó bí àwa tí a ń kọ ìwé yìí àti ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ni ó jẹ nínú oore yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di 1960 tí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ ń jáde ìwé kẹfà, ariwo ti gba ìlú kan pé ẹ̀kọ́ ti wálẹ̀. Ìjọba kò ní kí àwọn aráàlú panu mọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, S. A. Banjo ni alága rẹ̀, kí wọ́n yẹ ètò ẹ̀kọ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Àbọ̀ tí ìgbìmọ̀ náà jẹ́ ní 1961 kò fi bò: àwọn olùkọ́ tí a kò kọ́ níṣẹ́ olùkọ́ ti pọ̀ jù níwájú àwọn ọmọ. Ohun tí a ń pè ní ìjíhìn nìyẹn.

Lónìí ńkọ́? Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS ti ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lábẹ́ SUBEB, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe Abẹ́òkúta Gúúsù tàbí Àríwá, Ọ̀dẹ̀dá, Ọbáfẹ́mi-Owódé, Ewékorò tàbí Ìfọ̀. Òfin UBE ti 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, kí ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ gbà á sì mú tirẹ̀ wá. Òbí tí kò bá rán ọmọ lọ sílé ìwé yóò gba ìkìlọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn, 5,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì. Ìtanràn wà fún ẹni tí ó bá gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ ọmọ pẹ̀lú. Òfin yìí rí òbí mú bí ọmọ kò bá lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá lọ lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án tí kò sì mọ̀wé kà, ta ni yóò pè lẹ́jọ́?

Ẹ má jẹ́ kí a yára nawọ́ sí olùkọ́ nìkan. Ọmọ Ẹ̀gbá, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, ní 1931, nítorí náà kò yẹ kí a gbọ́ ọ ní ilẹ̀ yìí pé a ń fi olùkọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Olùkọ́ JSS tí a bá sọ̀rọ̀ yóò ní bí ọmọ ṣe ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá ni òun ṣe bá a. Ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò ní wọ́n ní kí gbogbo ọmọ máa gòkè. Òbí yóò ní òun ti san owó léṣìnì. Nígbà tí ó bá sì di WAEC, àwọn kan nínú wa, àní nínú ìjọ, yóò wá owó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn fún ọmọ. Wọ́n tún wá ń pe irú ibẹ̀ ní ibi iṣẹ́ ìyanu! Ọ̀rọ̀ tiwa ni wọ́n jí lọ, ẹ sì jẹ́ kí ó dùn wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Abẹ́òkúta. Ní oṣù kìíní 2023, àjọ UNICEF sọ pé nínú ọmọ mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kékeré tàbí ṣe ìṣirò tí kò le. Ní ilẹ̀ Íńdíà, láti 2005, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú tákàdá kan ṣoṣo: lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀ kékeré, ìtàn kúkúrú. Wọn kì í béèrè ipò tí ọmọ ṣe. Wọ́n ní kí ó kà á sí àwọn létí, ibi tí ó bá dé ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, wọ́n sì ń gbé e síta kí ìjọba àti òbí lè rí i.

Àwa náà kọ irú tákàdá yẹn ní Yorùbá. A pe ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Ó ka lẹ́tà, ó ka “bàtà,” ó ka “ilé,” ìpínrọ̀ ni ó dá a dúró. Ìyá náà, tí ń ta fùfú ní Láfẹ́ńwá tí kò sì kàwé, wo tákàdá náà títí. Ó ní, “Pásítọ̀, kí ni mo ń dúpẹ́ lé lórí láti ọjọ́ yìí?” A kò rí èsì fún un.

Nígbà tí ìpàdé òbí àti olùkọ́ pé ní ilé ìwé náà, ó mú tákàdá yìí lọ. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ owó àga àti owó ọlọ́dẹ tán kí ó tó dìde, tí ó sì bèèrè pé ọmọ mélòó ní JSS 2 ni ó lè kà á. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé ìwé kò rẹ́rìn-ín. Ó gba tákàdá náà, ó ní kí àwọn fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ó pé, ó mú iye náà wá lóòótọ́, kò sì dùn ún gbọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ya ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ láràárọ̀ fún ìwé kíkà, àwọn ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n kà sì ń jókòó ti àwọn tí kò mọ̀.

Ní tiwa, a ń kọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ìyá náà sì ń bá ọmọ rẹ̀ jókòó. Ní ìdúpẹ́ ìparí táàmù yìí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú káàdì rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ ka ẹsẹ mẹ́ta sí ìjọ létí. Ọmọkùnrin náà ti ní òun ni yóò ṣáájú.