Ṣé o mọ̀? Ọba funfun lè wàjà ní ìṣísẹ̀ kẹjọ

Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ẹni tó ń ta dúdú lè pa ọba funfun ní ìṣísẹ̀ kẹjọ péré pẹ̀lú Englund Gambit, ọgbọ́n tí àwọn ọ̀gá mọ̀ pé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ni dúdú ti ń fi ọmọ-ogun kan tọrẹ. Bí funfun bá ráyè ronú, èrè ńlá ni. Àmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí kálukú ti lè ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré láti ta, ìkánjú ló ń bá dúdú ṣiṣẹ́. Bí ayaba dúdú bá jẹ ọmọ-ogun tó wà ní b2, ẹṣin ló yẹ kí funfun gbé sí c3. Bó bá gbé bíṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, ayaba dúdú lè balẹ̀ sí c1 lẹ́yìn ìṣísẹ̀ díẹ̀, kí ọba funfun sì wàjà.