Jíjò Epo àti Àrokò Ọpọlọ Ẹ́ńjìnnì: Àkíyèsí lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí Àyẹ̀wò Jíìpù Onídísẹ́ẹ̀lì

1. Ìfáárà

Ní ọdún 1970 ni Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Láti ìgbà náà ni kò ti sí iyèméjì mọ́ pé èdè yìí lè gbé ìmọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ibòmíràn wà, lẹ́yìn ògiri ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n ti ń fi èdè Yorùbá ṣe ìwádìí lórí ẹ̀rọ lójoojúmọ́: èyí ni ọgbà mẹkáníìkì. Ní ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò dúró sójú kan lè mú kí olówó ọkọ̀ ra ẹ̀yà tuntun nígbà tí èyí tí ó wà lára ọkọ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́. Ó tilẹ̀ lè ṣe ènìyàn léṣe.

Àyẹ̀wò ìfúnpá epo nínú jíìpù onídísẹ́ẹ̀lì jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára fún ọ̀ràn yìí. Ẹ́ńjìnnì 1KD-FTV ti Toyota, onílítà mẹ́ta, tí wọ́n lò nínú Hilux àti Land Cruiser Prado, ni àlàyé tí ó tẹ̀lé e dá lé.

2. Bí epo ṣe ń rìn

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Atẹ́gùn tí a fún pọ̀ títí tí ó fi gbóná gidigidi ni ó ń mú kí epo gbiná, gẹ́gẹ́ bí Rudolf Diesel ti fi hàn ní ìlú Augsburg, ní Jámánì, ní ọdún 1897. Nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, pọ́ǹpù ni ó ń fi epo ránṣẹ́ sí nọ́súlù kọ̀ọ̀kan ní àsìkò tirẹ̀. Nínú ti òde òní, pọ́ǹpù ń fún epo sínú ọ̀pá irin kan ṣoṣo, inú ọ̀pá yìí ni gbogbo nọ́súlù sì ti ń bu tiwọn. Orúkọ tí ó bá a mu ni ‘ọ̀pá àjọlò’.

Ẹ̀rọ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, ìyẹn ‘ọpọlọ ẹ́ńjìnnì’, ni ó ń pàṣẹ iye ìfúnpá tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀pá náà. Fáàfù kan lára pọ́ǹpù ń díwọ̀n epo tí ó ń wọlé, sẹ́ńsọ̀ tí ó wà lórí ọ̀pá sì ń mú ìròyìn padà fún ọpọlọ.

3. Agbára, ìṣàn àti ìfúnpá

Bí jíìpù tí ó rù ẹrù bá kọ̀ láti gun òkè, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, ‘Epo kò lágbára.’ Gbólóhùn yìí lè ní ìtumọ̀ mẹ́ta. Ó lè jẹ́ pé epo náà kì í ṣe ojúlówó, bóyá wọ́n ti da kẹrosíìnì pọ̀ mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ pé epo tí ń dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù kéré. Ó sì lè jẹ́ pé epo tó, ṣùgbọ́n a kò fún un tó. Àyẹ̀wò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń béèrè.

Nítorí náà, ó yẹ kí a fi ‘agbára’ sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì lè ṣe láàrin àkókò kan, kí a lo ‘ìṣàn’ fún iye epo tí ń kọjá, kí ‘ìfúnpá’ sì jẹ́ ti epo tí a fún pọ̀. Lóòótọ́, ìfúnpá tún ni oògùn tí a ń so mọ́ apá, ṣùgbọ́n kò sí mẹkáníìkì tí yóò ṣi èkíní mú fún èkejì. Àwọn òǹkàwé sì ti mọ ọ̀rọ̀ náà nínú ‘ìfúnpá ẹ̀jẹ̀’.

Bí ìfúnpá yìí ti pọ̀ tó yẹ ní àfiyèsí. Èyí tí fọkanáísà ń fẹ́ sínú táyà kò ju nǹkan bí 2 sí 3 bar lọ. Nínú ọ̀pá àjọlò, ó tó nǹkan bí 300 bar nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́; bí awakọ̀ bá tẹ tíróòtù mọ́lẹ̀ lórí òkè, ó lè ju 1,300 bar lọ.

4. Jíjò mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ‘jò’, ni a ń lò fún àléébù mẹ́ta tí kò jọra. Èkíní ni ‘jíjò-síta’: epo ń kán sílẹ̀, ojú sì ń rí i.

Èkejì ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Nínú ẹ́ńjìnnì tí à ń sọ yìí, pọ́ǹpù ni ó ń fa epo láti inú táǹkì gba inú asẹ́ epo. Nítorí fífà yìí, bí rọ́bà bá sán láàrin táǹkì àti pọ́ǹpù, epo lè má kán rárá nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Atẹ́gùn ni yóò máa wọlé. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí ó tutù kò ní rí i. ‘Fífa-atẹ́gùn’ ni ó yẹ kí a pe èyí. Bí a bá fi rọ́bà tí ń fi inú hàn rọ́pò apá kan ọ̀nà náà, ìfófòó atẹ́gùn yóò hàn.

Ẹ̀kẹta ni ‘jíjò-padà’. Bí inú nọ́súlù bá ti jẹ, epo púpọ̀ yóò gba páìpù ìdápadà lọ sí táǹkì, ìfúnpá kò sì ní gòkè. Níbi tí ọwọ́ bá ti lè tó páìpù ìdápadà, a ó so ìgò kékeré mọ́ ti nọ́súlù kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ìgò rẹ̀ bá kún ju ti àwọn yòókù lọ ni ó jẹ̀bi.

5. Àrokò àti ìtumọ̀ rẹ̀

Nígbà tí nǹkan kò bá lọ déédéé, ọpọlọ ẹ́ńjìnnì a tan iná ìkìlọ̀, a dín agbára ọkọ̀ kù, a sì fi àmì pamọ́. P0087, fún àpẹẹrẹ, sọ pé ìfúnpá inú ọ̀pá kéré ju bí ó ti yẹ lọ. P0193 sọ pé iná tí ń ti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ ìfúnpá wá ga ju bí ó ti yẹ lọ. Èkíní ń ròyìn epo. Èkejì ń ròyìn ìránṣẹ́ fúnra rẹ̀ àti wáyà rẹ̀.

Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó bá irú àmì bẹ́ẹ̀ mu tó ‘àrokò’. Ẹni tí a fi owó ẹyọ ránṣẹ́ sí mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ kí òun tó gbé ìgbésẹ̀. P0087 kò sọ pé pọ́ǹpù ti kú. Asẹ́ tí ó dí, rọ́bà tí ó sán, nọ́súlù tí ń jò padà, fáàfù tí ó há, èyíkéyìí nínú wọn lè fi àrokò kan náà ránṣẹ́. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìtumọ̀ yìí nílò ọ̀rọ̀ méjì sí i: ‘ìfúnpá-àṣẹ’, èyí tí ọpọlọ béèrè, àti ‘ìfúnpá-ìròyìn’, èyí tí sẹ́ńsọ̀ sọ pé ó wà. Bí méjèèjì bá dọ́gba nígbà tí ọkọ̀ dúró, tí ìfúnpá-ìròyìn sì já sílẹ̀ lórí òkè, ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí ìṣàn, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí asẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú fún ìgbà pípẹ́, tí ìfúnpá-ìròyìn ṣì wà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún bar, sẹ́ńsọ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ni ó ń parọ́. Pípe èkejì ní ‘ìfúnpá-gidi’ yóò bo irọ́ yìí mọ́lẹ̀.

6. Ìgúnlẹ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ kan ṣáájú. Lára ẹ́ńjìnnì àtijọ́, àwọn ọ̀gá a máa tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́súlù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, láti lé atẹ́gùn jáde tàbí láti mọ nọ́súlù tí ó ti kú. Lára ọ̀pá àjọlò, èèwọ̀ ni. Epo tí ó bá ṣẹ́ jáde lè gún awọ ara bí abẹ́rẹ́. Ojú ọgbẹ́ lè kéré, kí ó má sì dunni púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n epo yóò máa ba ẹran ara jẹ́ nínú. Ilé-ìwòsàn ni a gbọ́dọ̀ gbé ẹni náà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọmọṣẹ́ tí wọ́n sọ fún pé ‘epo lágbára’ kò tíì gbọ́ ìkìlọ̀ yìí. Èyí tí ó mọ̀ pé ìfúnpá inú páìpù náà ju ti táyà lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún yóò fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.