Ọ̀nà tí láfà là sábẹ́ ilẹ̀ Hàwáì

Lójú pópó Kaumana, lẹ́yìn ìlú Hilo ní erékùṣù tó tóbi jù ní Hàwáì, àtẹ̀gùn kan wà tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò tí ewéko ti bò. Ẹni tó bá dé ìsàlẹ̀ kòtò náà yóò rí ẹnu ihò méjì, ọ̀kan kọjú sí òkè, èkejì kọjú sí ìsàlẹ̀. Kò sí iná mànàmáná nínú wọn, kò sí amọ̀nà, kò sì sí ẹni tó ń gba owó ìwọlé. Láàárín ọdún 1880 sí 1881, àpáta tó yọ́ bí omi ló ń ṣàn gba inú ihò yìí kọjá.

Láfà ni wọ́n ń pe àpáta yíyọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá jáde láti inú Mauna Loa tàbí Kīlauea, àwọn òkè ayọnáyèéfín méjì tó lókìkí jù ní erékùṣù náà, ooru rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 1,150 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ojú rẹ̀ á dì, gẹ́gẹ́ bí ojú ẹ̀kọ gbígbóná ṣe máa ń dì nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ṣì lè jó ènìyàn lẹ́nu. Inú èèpo tó dì yìí ni ọgbọ́n wà. Àpáta kì í jẹ́ kí ooru tètè jáde, nítorí náà láfà tó wà lábẹ́ èèpo kò ní tutù bọ̀rọ̀. Ní Kīlauea, ooru tó ń dín lára rẹ̀ ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 1 lọ. Ìdí nìyẹn tó fi lè rin ọ̀pọ̀ kìlómítà láti orí òkè títí dé etí òkun láìdì. Nígbà tí orísun bá sì gbẹ, èyí tó kù nínú ihò á ṣàn lọ, òfìfo á sì ṣẹ́kù.

Ọ̀pọ̀ ihò àpáta ní ayé ni omi gbẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Olúmọ tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lábẹ́ jẹ́ àpáta líle tó ti dì sínú ilẹ̀ jíjìn kí ó tó yọ sókè. Ihò láfà yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí: oṣù díẹ̀ tàbí ọdún díẹ̀ ti tó láti ṣe é.

Èyí tó gùn jù tí wọ́n tíì wọ̀n ni Kazumura, lára Kīlauea. Ó ju kìlómítà 65 lọ, gíga láti ìdí rẹ̀ dé ẹnu rẹ̀ tó ga jù sì ju 1,100 mítà lọ. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ju 100 lọ, àwọn kan sì wà nínú ọgbà onílé, débi pé onílé fúnra rẹ̀ ló ń mú àlejò wọlé.

Àwọn arìnrìn-àjò tó pọ̀ jù kì í dé Kazumura. Nāhuku ni wọ́n ń lọ, nínú ọgbà ìjọba ní Kīlauea, ibi tí iná wà, tí ilẹ̀ tẹ́jú, tí ènìyàn sì lè là já láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó dára fún ọmọdé àti àgbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí láfà ṣe gan-an, Kaumana ni kó gbà lọ. Tọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ á fi ìlà gbọọrọ hàn lára ògiri, ìlà tó ń sọ ibi tí odò iná náà ga dé kí ó tó fà. Òkè ihò yọ́, ó kán, ó sì dì kí ẹ̀kán náà tó já bọ́. Ilẹ̀ kan dán, òmíràn lọ́ pọ̀ bí okùn, òmíràn mú débi pé ó lè gé ọwọ́ ẹni tó bá ṣubú. Nítorí náà ni wọ́n fi ń sọ fún àlejò pé kó dé akoto, kó wọ bàtà tó nípọn àti ìbọ̀wọ́, kó sì mú iná mẹ́ta dání, kì í ṣe ẹyọ kan. Fóònù kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì.

Láfà tó ṣe Kaumana fẹ́rẹ̀ẹ́ jó Hilo run. Ìtàn sọ pé ní ọdún 1881, Ọmọọbabìnrin Ruth Keʻelikōlani wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Honolulu, ó gbé ọtí bùráńdì àti aṣọ ìnujú pupa lọ síwájú láfà náà, ó sì fi bẹ Pele, òrìṣà obìnrin tó ni iná. Láfà dúró létí ìlú ní oṣù August ọdún náà. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní orísun rẹ̀ ló gbẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Hàwáì kò tíì yé sọ ìtàn Ruth.

Àwọn ihò kan wà tí àlejò kò gbọdọ̀ wọ̀. Àwọn baba ńlá Hàwáì máa ń sin òkú sínú ihò láfà, òfin sì ka fífọwọ́ kan egungun wọn léèwọ̀. Ẹni tó bá bá a pàdé, kó yíjú padà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ rò pé kò sí ẹ̀dá pàtàkì kan tó lè máa gbé inú irú ihò tuntun bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1971, onímọ̀ kòkòrò kan, Francis Howarth, bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn kòkòrò tí òkùnkùn ti sọ di afọ́jú níbẹ̀. Igi ʻōhiʻa tó hù lórí ilẹ̀ máa ń ti gbòǹgbò bọ òkè ihò, kòkòrò funfun kan sì ń fa oje gbòǹgbò náà mu nínú òkùnkùn. Lábẹ́ ilẹ̀ Kōloa ní erékùṣù Kauaʻi, wọ́n rí aláǹtakùn kan tí ẹbí rẹ̀ lókìkí fún ojú ńlá, àmọ́ tí òun kò ní ojú rárá. Láti ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun. Àrùn kan sì ń pa igi ʻōhiʻa báyìí, erùpẹ̀ abẹ́ bàtà sì lè gbé e kiri. Bí igi bá kú lókè, ebi ló dé sísàlẹ̀, nítorí náà ni wọ́n fi ń rọ àlejò láti fọ bàtà kó tó wọgbó àti lẹ́yìn tó bá jáde.

Òṣùpá náà ní irú ihò yìí. Níbi tí wọ́n ń pè ní Òkun Ìdákẹ́jẹ́, agbègbè tí Apollo 11 balẹ̀ sí ní 1969, kòtò kan wà tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 100 mítà. Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Trento ní Ítálì kéde pé ìsọfúnni rédà tí ọkọ̀ òfuurufú kan ti gbà ní 2010 fi hàn pé ihò kan yà láti ìdí kòtò náà wọ inú ilẹ̀. Ojú Òṣùpá máa ń gbóná ju 120 lọ lórí Sẹ́ńtígíréèdì ní ọ̀sán, ó sì máa ń tutù dé 170 sísàlẹ̀ òdo ní òru, ṣùgbọ́n ibi òjìji inú kòtò yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yà kúrò ní nǹkan bí 17. Ohun tó ń mú kí àwọn tó ń wéwèé ibùgbé fún ènìyàn níbẹ̀ máa wo ihò láfà ayé fínnífínní nìyẹn.