Iṣẹ́ Ọnà, Ètò àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ nínú Iṣẹ́ Àkànṣe Akẹ́kọ̀ọ́: Àgbéyẹ̀wò láti Ẹnuwá

1. Ìfáárà

Ohun mẹ́ta ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa máa ń yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: iṣẹ́ ọnà, ètò, àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ohun tí a pè ní ètò níhìn-ín ni ìrònú àti ìwọ̀n tí ó ṣáájú kí a tó fi ọwọ́ kan iṣẹ́. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ di ohun tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré ń kọ́. Àyè ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ ọnà wà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Iṣẹ́ àkànṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe kí ó tó jáde ni ibi kan ṣoṣo tí ó ti di dandan fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti pàdé.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni èyí: kí ni iṣẹ́ àkànṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, pàápàá nígbà tí iṣẹ́ náà kò bá yọrí sí ibi tí a rò? A ó fi iṣẹ́ idẹ dídà ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé Ẹnuwá, ìta ńlá tí ó wà níwájú ààfin Ọọ̀ni, kò jìnnà rárá sí ibi tí a ti rí ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ lórí iṣẹ́ náà.

2. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà "ọnà" kó pọ̀

Bí Yorùbá bá pe ènìyàn ní oníṣẹ́ ọnà, kì í ṣe ẹwà ohun tí ó ṣe nìkan ni wọ́n ń tọ́ka sí. Agbẹ́gilére gbọ́dọ̀ mọ igi tí kòkòrò kì í tètè jẹ. Aláró gbọ́dọ̀ mọ iye ọjọ́ tí aró fi ń pọ́n. Amọ̀kòkò gbọ́dọ̀ mọ amọ̀ tí kì í sán nínú iná. Ìmọ̀ ohun èlò, ìmọ̀ ìwọ̀n àti ìmọ̀ ẹwà ni ó para pọ̀ di ọnà. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan tí kò mọ ìyókù, a kò ní gbé iṣẹ́ fún un. Nítorí náà, ìpínyà tí a ń ṣe ní kíláàsì kò ti inú èdè wa wá, bẹ́ẹ̀ ni kò ti inú iṣẹ́ àwọn baba wa wá.

3. Ẹ̀rí tí ó wà ní àyíká Ẹnuwá

Ní ọdún 1938, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin, ni wọ́n kan àwọn orí idẹ àti bàbà tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ní ọdún 1957, Ìta Yemòó ni wọ́n tún ti rí àwọn ère mìíràn; Frank Willett sì ṣe ìwádìí níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn onímọ̀ ka iṣẹ́ wọ̀nyí sí àkókò tí ó wà láàárín nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún.

Ẹni tí ó bá wo ìbòjú Ọbalùfọ̀n yóò kọ́kọ́ yin ojú rẹ̀ tí ó pa rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti da irin rí yóò béèrè nǹkan mìíràn: báwo ni wọ́n ṣe rí i dà? Bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù kankan ni ìbòjú náà. Bàbà gidi kì í yọ́ títí ooru yóò fi tó 1085°C. Kì í ṣàn wọ inú kọ̀rọ̀ dáadáa, ó sì máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra. Idẹ tí a fi síńkì àti òjé sí rọrùn jù ú lọ, nítorí ó ń yọ́ ní ooru tí ó kéré sí èyí, ó sì ń ṣàn geere. Àwọn tí ó ṣe ìbòjú yìí ní láti mọ iná, ẹwìrì àti amọ̀ dé ojú àmì kí ẹwà tí a ń yìn lónìí tó lè jáde.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ìgbò Olókun. Ìwádìí tí Abídèmí Babátúndé Babalọlá ṣe níbẹ̀ fi hàn pé Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń yọ́ èyí tí ó ti òkèèrè wá.

4. Iṣẹ́ àkànṣe kan àti àṣìṣe tí ó wà nínú rẹ̀

Ọ̀nà tí a ń gbà da idẹ kò ṣòro láti ṣàlàyé. A ó fi amọ̀ mọ kókó inú. A ó fi ìda oyin bò ó, a ó sì gbẹ́ ojú, imú àti ẹnu sára ìda náà. A ó fi ọ̀pá ìda wẹ́wẹ́ sí i, tí yóò di ojú ọ̀nà fún idẹ láti wọlé àti fún afẹ́fẹ́ láti jáde. A ó wá fi amọ̀ kíkúnná bo gbogbo rẹ̀, kí a tó fi èyí tí ó le lé e. Bí amọ̀ bá gbẹ, a ó fi sínú iná kí ìda lè ṣàn jáde. Àyè tí ìda fi sílẹ̀ ni a ó da idẹ yíyọ́ sí. Níkẹyìn, a ó fọ́ èèpo amọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi sí orí méjì tí ó bára mu délẹ̀délẹ̀: èèpo kan, orí kan.

Ìṣirò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Idẹ wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án ìda. Bí ìda orí àti ti ọ̀pá rẹ̀ bá jẹ́ 400 gíráàmù, a nílò idẹ tí ó tó kílò 3.6, kí a sì tún fi díẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ àkànṣe tèmi, mo wọn ìda, mo sì ṣírò idẹ bí ó ti yẹ. Síbẹ̀, nígbà tí a fọ́ èèpo, etí òsì àti ìdajì ẹ̀rẹ̀kẹ́ orí náà kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ ìfisílẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo fi ayùn irin tún etí ibi tí ó já ṣe, mo dán an, mo sì kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ mi pé a mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ láti fi ṣe àpẹẹrẹ ohun àtijọ́ tí ilẹ̀ ti jẹ. Wọ́n yìn mí fún ìrònú náà. Máàkì tí mo gbà dára. Irọ́ sì ni mo fi gbà á.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí n tó wo ẹ̀yìn. Idẹ ṣẹ́kù nínú ìkòkò tí a fi yọ́ ọ, nítorí náà kì í ṣe pé idẹ kò tó. Ibi tí mo fi ayùn gé ní ihò wẹ́wẹ́ bíi ti kànrìnkàn. Òórú omi ni ó ṣe èyí. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ méjì nínú àwọn ọjọ́ tí a fi ń sá èèpo amọ̀. Nígbà tí mo rí i pé ìda ti ṣàn tán nínú iná, mo gbà pé èèpo ti ṣetán. Ṣùgbọ́n ìda oyin ń yọ́ ní nǹkan bí 63°C, nígbà tí omi kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í hó rárá. Omi tí ó sì wà nínú ẹ̀dá amọ̀ fúnra rẹ̀ kì í jáde tán títí ooru yóò fi kọjá 500°C. Àmì tí mo gbára lé kò jẹ́rìí sí ohun tí mo rò pé ó jẹ́rìí sí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi ń jẹ́ kí èèpo pọ́n bí ẹyin iná kí wọ́n tó da idẹ sí i.

Ẹ̀kọ́ tí ó níyì jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà nìyí, òun gan-an ni mo sì fi irọ́ bò mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ère ọkùnrin tí ó jókòó, tí a rí ní Tada létí odò Ọya, tí àwọn onímọ̀ kà mọ́ iṣẹ́ Ifẹ̀, jẹ́ bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù. Ojú ibi tí wọ́n ti tún bàbà dà sí láti dí àléébù hàn lára rẹ̀ títí di òní.

5. Àwọn tí ó ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú wa

Ìmọ̀ràn pé kí ilé-ẹ̀kọ́ lọ bá ìgboro kì í ṣe tuntun ní Ifẹ̀. Ní ọdún 1968 ni a dá ibùdó Orí Olókun sílẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀, nígbà tí Michael Crowder ń darí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà. Àárín ìgboro ni ibùdó náà wà, kì í ṣe inú ọgbà Yunifásítì. Solomon Wangboje darí iṣẹ́ ọnà níbẹ̀, Ọlá Rótìmí sì darí eré orí ìtàgé.

Lẹ́yìn èyí, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986 mú kí ọ̀dà òkèèrè wọ́n. Móyọ̀ Òkédìjí, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Ifẹ̀, yíjú sí àwọ̀ inú ilẹ̀ àti ìmọ̀ àwọn obìnrin tí ń kun ojúbọ òrìṣà. Ní ọdún 1989, òun àti Kúnlé Filani, Tọ́lá Wẹ́wẹ̀, Bọ́láji Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀. Ọ̀wọ́n ohun èlò ni ó wà nídìí ọ̀ràn yìí ní apá kan, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ni ó bí.

6. Àtakò àti àbá

Àwọn kan lè sọ pé àkókò kò sí, pé olùkọ́ kan tí ó ní ogójì akẹ́kọ̀ọ́ kò lè yẹ ìdí àṣìṣe wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ó dán nìkan bá ń gba máàkì, àwa akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa dán ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Nítorí náà, àbá mẹ́ta ni a mú wá.

(i) Kí ìjábọ̀ iṣẹ́ àkànṣe ní abala kan tí ó jẹ́ dandan fún ohun tí kò yọrí sí rere àti ìdí rẹ̀, kí abala náà sì ní máàkì tirẹ̀.

(ii) Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìwọ̀n, àkókò àti ipò ojú ọjọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ ń lọ, kì í ṣe lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí.

(iii) Kí a máa dárúkọ oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó kọ́ wa ní nǹkan, bí a ti ń dárúkọ ẹni tí ó kọ ìwé.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ohun tí kíláàsì yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe orí Wúnmọníjẹ̀, àti pé ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́ ni ìsopọ̀ wọn ti hàn gbangba jù lọ. Àléébù ara orí tèmi jẹ́ ti ẹwà lójú ẹni tí ń wò ó, ti ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú iná, àti ti ètò ní ọjọ́ tí òjò rọ̀ tí n kò sún iṣẹ́ síwájú. Kí àlàyé tí ó wà nínú àpilẹ̀kọ yìí dípò èyí tí mo kọ ní àkọ́kọ́.