Ẹni Tó Bí Lápàdé

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ rí yóò mọ bí nǹkan ti máa ń rí ní Fìdítì. Kí ọkọ̀ tó dúró tán, àwọn tó ń ta ọsàn á ti yí fèrèsé ká, ariwo á sọ, owó á máa jáde, ṣéńjì á máa wọlé, ọkọ̀ á sì tún gbéra. Láti Fìdítì ẹ ó kan Jọbẹlé, ẹ ó kan Ìlọrà, kí ẹ tó fojú kan Ọ̀yọ́. Lójú ọ̀nà yìí ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ pé ìwé tí kò ní ìparí lè da ilé rú ju ilé tí olè jà lọ.

Ọmọ ilé-ìwé ni mí nígbà náà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta aṣọ ní Ìlọrà. Màmá kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n etí wọn mú ju abẹ lọ. Lálẹ́, bí wọ́n bá ti ka owó ọjà tán, wọ́n á ní kí n gbé àtùpà súnmọ́ tòsí kí n kàwé fún àwọn. Ìwé tí à ń kà ni Àjà Ló Lẹrù, tí mo yá lọ́wọ́ tíṣà kan ní Fìdítì. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi kà á. Ní alẹ́ ọjọ́ tó yẹ kí àṣírí tú, mo ṣí ewé, n kò bá nǹkan kan. Àwọn ewé tó gbẹ̀yìn ti fò lọ. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ tíṣà, ó ní ẹni tó yá ìwé náà ṣáájú mi ti jẹ́wọ́: àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ló fi wọ́n di ẹ̀pà tà.

Inú bí Màmá gidigidi. Wọn kò tilẹ̀ bá ẹlẹ́pà wí. Orí òǹkọ̀wé ni wọ́n da gbogbo rẹ̀ lé. Wọ́n ní, “Ta ni ẹni yìí, tó mọ olè láti ìbẹ̀rẹ̀, tó wá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí?”

Orúkọ ẹni náà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí wọn ní 1929, wọ́n sì fi ayé sílẹ̀ ní 2019. Tíṣà ni wọ́n. Ní 1969 ni ilé-iṣẹ́ Longman tẹ Àjà Ló Lẹrù jáde, ní 1971 ni Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e. Ẹnì kan náà ló gba iwájú nínú ìwé méjèèjì: Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ kò fi í sílẹ̀. Ibi tí àwọn ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bá ti ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ara wọn, Lápàdé á ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ẹ rántí irú ọdún tí àwọn ọdún náà jẹ́. Ogun abẹ́lé ṣì ń jà nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ jáde. 1970 ló parí. Ìbọn ti pọ̀ nílùú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní 1970 yẹn ni ìjọba ológun ṣòfin pé ikú ni ìjìyà adigunjalè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, ọdún tí Àgbàlagbà Akàn jáde gan-an, ni wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì létí òkun ní Èkó, ní Bar Beach, tí èrò sì rọ́ lọ síbẹ̀ láti wòran. Ọ̀rọ̀ olè ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àlọ́. Ìyálọ́jà tó di owó mọ́ ìdí láti Ìlọrà lọ ra ọjà n'Íbàdàn, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ títí yóò fi padà délé. Irú wọn ni Bàbá Òkédìjí ń kọ̀wé fún. Ìdí nìyí tí kò fi ṣòro fún Màmá láti gba Lápàdé bí ọmọ ìyá wọn.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ òyìnbó la ti kó irú ìtàn báyìí wá. Òótọ́ wà níbẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti fi Lápàdé wé àwọn akin inú ìwé Raymond Chandler ti Amẹ́ríkà àti James Hadley Chase ti Ìlú Òyìnbó, tí àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹnì kan ṣoṣo tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìjàpá ńkọ́? Lónìí ó da ẹ̀bẹ gbígbóná sínú fìlà nílé àna rẹ̀. Lọ́la ó tún ti dé nínú àlọ́ mìíràn, kò sì sí ọmọdé tó ń béèrè bó ṣe bọ́ nínú wàhálà àná. Ohun tó yàtọ̀ ni pé olè ni Ìjàpá. N kò tíì gbọ́ àlọ́ kan tó jẹ́ pé òun ló ń wá olè kiri.

Bí nǹkan bá sì sọnù nínú ìtàn àtijọ́, ẹnì kan á gba ilé babaláwo lọ, tàbí kí ẹyẹ bà lórí igi kó fi orin dárúkọ ọ̀daràn. Ẹni tó ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ti ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn pa mọ́ ara rẹ̀. Ojú, etí, ẹsẹ̀ àti làákàyè nìkan ló kù.

Nítorí náà ni iṣẹ́ yìí fi le ju bí a ti ń rò lọ. Ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ láìmọ ibi tí yóò já sí. Ẹni tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn ní láti mọ ìparí kó tó kọ ìbẹ̀rẹ̀: ta ló ṣe é, ìgbà wo ló ṣe é, kí ló gbàgbé sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa fi ipasẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ. Bí ipasẹ̀ bá pọ̀ jù, òǹkàwé á ti mú olè kí ìwé tó dé ìdajì. Bí kò bá sì sí rárá, òǹkàwé á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, bí oníbàárà tó ra kóńgò ìrẹsì tó bá òkúta nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́jà mọ bí oníbàárà bẹ́ẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀.

Bí ìwé bá wá di méjì, tó di mẹ́ta, ìṣòro mìíràn á dìde. Ọ̀ràn gbọ́dọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wádìí kò gbọdọ̀ yí padà. Bí Lápàdé bá jẹ́ onígboyà nínú ìwé kìíní, kò lè di ojo nínú ìkejì láìnídìí. Òǹkàwé mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ aládùúgbò, wọ́n á sì bi òǹkọ̀wé bó bá ṣìwà hù.

Ìfẹ́ tí òǹkàwé ní sí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ lè di ẹrù fún ẹni tó dá a. Dókítà ni Arthur Conan Doyle, tí wọ́n bí ní Edinburgh. Ní 1887 ni ó kọ́kọ́ mú Sherlock Holmes jáde. Ìtàn àwọn ọba àti jagunjagun àtijọ́ ló wù ú láti máa kọ, ṣùgbọ́n Holmes ni gbogbo ayé ń béèrè. Nígbà tó di 1893, ó mú Holmes lọ sí ẹ̀bá omi ńlá kan tó ń ya láti orí òkè ní Switzerland, ó sì pa á síbẹ̀. Àwọn òǹkàwé kò gbà. Ní 1903 Holmes tún jáde láàyè, pẹ̀lú àlàyé pé kò kú rárá. Agatha Christie ní tirẹ̀ gbọ́n díẹ̀ sí i. Ó ti ń kọ̀wé nípa Hercule Poirot láti 1920. Nígbà ogun àgbáyé kejì ó kọ ìwé tí Poirot kú sí, ó tì í pa, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ní 1975 ni ìwé náà tó jáde, oṣù díẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó kú ní 1976.

Nílé wa níhìn-ín, Bàbá Òkédìjí nìkan kọ́ ló wà nídìí iṣẹ́ yìí. Kọ́lá Akínlàdé kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? ní 1971, ó kọ Owó Ẹ̀jẹ̀ ní 1976, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, Akin Olúṣínà àti Túndé Atọ́pinpin, sì lórúkọ láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé. Àwọn ti Akínlàdé máa ń fara balẹ̀, wọ́n á béèrè, wọ́n á ro ó, bí Holmes. Lápàdé ní tirẹ̀ á wọ ìjà, á jẹ ìyà, á tún dìde. Bí a bá ń wá ọgbọ́n bí a ti ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ títí àṣírí fi tú, èmi á ní kí ẹ lọ bá Akínlàdé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń rìnrìn àjò, ìwé Òkédìjí ni mo máa ń mú dání, nítorí Yorùbá inú rẹ̀. Òwe, àwàdà, èébú àwọn awakọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ bí ẹni pé a jókòó sí gáréèjì.

Ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ owó díẹ̀, nítorí ìbéèrè Màmá pé ta ni ẹni yìí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Àdéhùn tó wọ́pọ̀ láàárín òǹkọ̀wé àti atẹ̀wé ni pé kí òǹkọ̀wé gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ìwé. Bí ìwé bá jẹ́ ₦2,000, ₦200 ni tirẹ̀. Bí ẹgbẹ̀rún kan bá tà, ₦200,000 ni, fún iṣẹ́ tó lè gba ọdún kan tàbí méjì. Ta ló lè fi ìyẹn tọ́mọ? Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Yorùbá fi jẹ́ tíṣà tàbí akọ̀wé ìjọba: iṣẹ́ ọ̀sán ló ń bọ́ iṣẹ́ òru. Ilé-ìwé ni ọjà wọn. Ọdún tí wọ́n bá fi ìwé kan sí ara àwọn tí ọmọ yóò kà fún ìdánwò, ó tà. Ọdún tí wọ́n bá yọ ọ́, ó dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń ra ẹyọ kan, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ da ogójì kọ fún kíláàsì. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má bínú sí mi, ẹ mọ ẹni tí mò ń bá wí.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó rí Àjà Ló Lẹrù mìíràn rà n'Íbàdàn. Láàárín àkókò yẹn, Màmá ti parí ìwé náà fúnra wọn. Oníbàárà tó bá wá ra aṣọ, wọ́n á kọ́kọ́ rojọ́ Lápàdé fún un, wọ́n á ní kó dá a. Àwọn kan dá a síhìn-ín, àwọn kan dá a sọ́hùn-ún, ìyàwó ilé kan tilẹ̀ gbàgbé aṣọ tó rà sílẹ̀. Nígbà tí mo ka ìparí gidi fún wọn, Màmá gbọ́ ọ délẹ̀, wọ́n ní kò burú, àmọ́ tàwọn dára jù ú lọ. Wọ́n ní kí n mú èyí tó kàn wá. A ka Àgbàlagbà Akàn. Wọ́n tún ní kí n mú èyí tó kàn wá.

Èyí tó kàn kò tètè dé. Ní 1973 Bàbá Òkédìjí gbé eré onítàn Rẹ́rẹ́ Rún jáde, ó dá lórí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́, Láwúwo ni aṣáájú wọn níbẹ̀. Kò sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà ọ̀daràn wà níbẹ̀ dáadáa, ó kàn jẹ́ pé agbádá ló wọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọkàn òǹkọ̀wé yìí ti ń yà kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń lé olè, lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe olè.

Nígbà tí Atótó Arére jáde ní 1981, èmi náà ti di tíṣà. Mo gbé e lọ bá Màmá ní Ìlọrà. Ojú wọn ti ń ṣú díẹ̀ nígbà náà, etí ṣì wà bó ṣe wà. Ìtàn Àlàbí ni, ọmọ tí àwọn tó bí i kò tọ́jú, tí ìgboro wá gbà tọ́ ní ọ̀nà tirẹ̀, títí tó fi di ará àwọn tí à ń sá fún lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó ń béèrè ta ló jalè. A ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, a rí i bó ṣe ń dàgbà.

Alẹ́ kìíní, Màmá kò sọ̀rọ̀. Alẹ́ kejì, wọ́n bi mí pé, “Lápàdé dà?”

Mo ní kò sí nínú èyí.

“Ṣé yóò dé tó bá yá?”

Mo ní mo ti kà á tán, Màmá, kò dé.

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Àtùpà ń ṣe bí ẹni fẹ́ kú, mo yí òwú rẹ̀ sókè. Mo rò pé wọ́n á ní kí n gbé ìwé náà lọ, kí n wá òmíràn. Wọ́n ní kí n padà sẹ́yìn, kí n tún ka ibi tí ọmọ náà ṣì kéré.